Àtúnṣe Notre-Dame ti Paris lẹ́yìn iná ọdún 2019: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ìpele dé ìpele

Iná mú òrùlé kàtídírà Notre-Dame ní Paris ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019. Wọ́n tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 7 àti 8 oṣù kejìlá ọdún 2024. Nínú nǹkan bí ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́jọ yìí, ó lé ní ọdún méjì tí wọn kò kọ́ ohun tuntun kankan. Wọ́n kàn ń ṣe é kí èyí tó ṣẹ́kù má baà wó ni. Apá yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà dáadáa, ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ yìí fi pẹ́ níbẹ̀, tó sì sáré kọjá àwọn ibi tí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n fẹ́ràn jù.

Ohun tó jó, ohun tó kù

Òrùlé ni iná jẹ. Abẹ́ òrùlé yẹn ni àwọn ará Faransé ń pè ní "igbó", nítorí bí igi óákù ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Púpọ̀ nínú igi náà ti wà lókè láti nǹkan bí 800 ọdún. Òjé ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀. Ṣóńṣó kan yọ jáde láàárín òrùlé, èyí tí ayàwòrán ilé Viollet-le-Duc kọ́ ní 1859: mítà 96 láti ilẹ̀ dé orí, igi tó tó tọ́ọ̀nù 500, òjé tó tó tọ́ọ̀nù 250. Kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́, ṣóńṣó náà dà wó, ó sì lu àjà òkúta tó wà lábẹ́ rẹ̀ já. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibi mẹ́ta ni àjà òkúta ti já: ní oríta ilé náà níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, ní gbọ̀ngàn ńlá, àti ní apá àríwá.

Ògiri kù. Ilé aago méjèèjì kù, àti fèrèsé róbótó mẹ́ta tí wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ ṣe, àti dùùrù ńlá. Àwọn ère bàbà 16 tó máa ń wà ní ẹsẹ̀ ṣóńṣó kò sí níbẹ̀ rárá: ọjọ́ 4 ṣáájú iná ni kíréènì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ fún àtúnṣe. Oríire gan-an nìyẹn.

Ká kọ àṣìṣe kan sílẹ̀ ká tó tẹ̀síwájú. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ti dún ní nǹkan bí 18:20. Wọ́n gòkè lọ wò ó, ṣùgbọ́n àjà ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà ni wọ́n lọ wò, nítorí pé ohun tí ẹ̀rọ náà kọ jáde kò yé wọn bó ṣe yẹ. Ó di 18:43 kí ìkìlọ̀ kejì tó dún, ìgbà yẹn ni wọ́n tó fojú kan iná. Igi tó ti gbẹ fún 800 ọdún kì í dúró de ẹnikẹ́ni fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ tó bá ń dún tí kò lè sọ ibi tí iná wà ní ọ̀rọ̀ tó yé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, agogo lásán ni.

Ìpele 1: Kí ògiri má wó

Irú ilé yìí dà bí ènìyàn méjì tó fẹ̀yìn ti ara wọn. Àjà òkúta tó tẹ̀ bí ọrun ń ti ògiri síta. Níta, àwọn apá òkúta ńláńlá nà wá láti orí òpó, wọ́n ń ti ògiri kan náà padà sínú. Òrùlé tó wúwo jókòó lé ògiri lórí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Iná wá mú ìwúwo òrùlé kúrò, ó mú àjà kúrò níbi mẹ́ta, ṣùgbọ́n apá òkúta tó wà níta kò mọ̀ pé ẹnì kejì òun ti yẹra. Ó ṣì ń tì. Ògiri lè wó sínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìṣirò kan tí wọ́n ṣe lẹ́yìn iná sọ ọ́ ní nọ́ńbà: ògiri tó lè dúró de ìjì tó ń sáré ní kìlómítà 220 láàárín wákàtí kan tẹ́lẹ̀, èyí tó bá lé ní 90 lè bì í ṣubú nígbà yẹn. Ìjì 90 kì í sì í ṣe àjèjì ní Paris.

Bí wọ́n ṣe ṣe é:

1. Tàpólì lórí ihò kí oṣù kẹrin tó parí, kí òjò má baà tún kún omi tí àwọn panápaná ti dà síbẹ̀. Òkúta ẹfun máa ń fa omi, omi sì ń kún ìwúwo àjà.
2. Wọ́n yọ gíláàsì àwọn fèrèsé òkè, wọ́n sì kó wọn lọ. Wọ́n tú u fọ̀ ní oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ilé iṣẹ́ kàtídírà Cologne ní Jámánì ló ṣe mẹ́rin nínú wọn.
3. Wọ́n fi igi ṣe ìgbéró tó tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá òkúta ṣe tẹ̀, wọ́n sì tì í bọ abẹ́ apá òkúta 28. Kò sí apá méjì tó dọ́gba, nítorí náà ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lésà mú lára ìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi gé igi tirẹ̀.
4. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí ògiri ṣe ń mira síbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ìwọ̀n tó péye wà nílẹ̀ nítorí pé àwọn kan ti wọn ilé náà kí iná tó sọ. Andrew Tallon, olùkọ́ yunifásítì ará Amẹ́ríkà, ti fi lésà wọn ín nígbà kan, ó gba àmì tó lé ní bílíọ̀nù kan. Rémi Fromont àti Cédric Trentesaux sì ti fọwọ́ wọn igi àjà ní 2014, igi kan lẹ́yìn òmíràn. Láìsí ìwé àwọn wọ̀nyí, ìpele 6 tó wà nísàlẹ̀ kì bá ti ṣeé ṣe bó ṣe rí yẹn. Ẹni tó bá ń tọ́jú ilé àtijọ́, kó wọn ín lónìí.

Ìpele 2: Kíkó àwókù

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ àjà tó lè já lulẹ̀ nígbàkúgbà, nítorí náà ẹ̀rọ tí wọ́n ń darí láti ọ̀nà jíjìn ló wọlé lọ kó o. Wọn kò sì kó o bí ẹni ń gbálẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ilẹ̀, wọ́n pín in sí ojú àwọ̀n, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí òkúta, igi tó di èédú àti irin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí i. Ó fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ó sì tọ̀nà: òkúta tí èèyàn bá mọ ibi tó ti já bọ́ ni èèyàn lè mọ ibi tó ti wà lókè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ òkúta tó ṣì wúlò? Wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀. Irin díẹ̀ wà nínú òkúta ẹfun tí wọ́n fi kọ́ ibẹ̀. Bí ooru bá dé ìwọ̀n 300 sí 400 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣọ̀ọ̀sì, òkúta á pọ́n. Ní 600 á dúdú. Tó bá fi máa dé 800, ó ti di ẹfun, èèyàn lè fi ìka rún un. Ẹ̀gbẹ́ kan òkúta lè pọ́n kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì funfun, torí náà wọ́n ń yí i wò kí wọ́n tó dájọ́.

Ohun kan tí iná tú síta: àwọn ìdè irin tó di òkúta orí ògiri mọ́ra. Ìwádìí tó jáde ní 2023 fi hàn pé láti àwọn ọdún 1160 ni wọ́n ti ń lo irú ìdè yẹn níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ronú pé wọ́n ti ń fi irin bẹ́ẹ̀ kọ́lé láyé ìgbà náà.

Ìpele 3: Òjé (ibi tí wọ́n ti kùnà)

Òjé tó lé ní 400 tọ́ọ̀nù ló wà lórí òrùlé àti ṣóńṣó. Ó yọ́, ó ṣàn gba ojú ọ̀nà omi òjò, ó sì dì bẹ́ẹ̀. Èyí tó dì kò nira, wọ́n kó o. Eruku rẹ̀ ni wàhálà: ó wọ inú òkúta, inú fèrè dùùrù, ara aṣọ, irun orí. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í sì í tètè kúrò lára.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn ń sáré nítorí ògiri, wọn kò ka eruku sí bó ṣe yẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde láìfọ ara wọn tó, wọ́n sì ń gbé eruku lọ sí àdúgbò. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje 2019, ìjọba dá iṣẹ́ dúró. Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ni wọ́n tó padà, pẹ̀lú ìlànà tuntun: kí òṣìṣẹ́ bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ títí dé èyí tó wà nísàlẹ̀, kó wọ aṣọ àwọ̀sọnù, kó fi ìbòmú tó ń sẹ́ atẹ́gùn bo ojú; nígbà tó bá ń jáde, kó wẹ̀ dáadáa, torí-tẹsẹ̀, kó tó kan aṣọ tirẹ̀. Ẹni tó bá jáde lọ jẹun lọ́sàn-án á wẹ̀, tó bá padà, tó tún jáde nírọ̀lẹ́, á tún wẹ̀. Ó ń jẹ àkókò iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti fi àkókò yẹn sínú ìṣirò láti ọjọ́ kìíní, wọn ì bá má pàdánù nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìpele 4: Títú sìkáfóòdù tó jó

Nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀, sìkáfóòdù irin wà yí ṣóńṣó ká nítorí àtúnṣe tó ń lọ lọ́wọ́. Ṣóńṣó wó gba àárín rẹ̀, sìkáfóòdù dúró. Ọ̀pá irin bí 40,000, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 200, tó tẹ̀, tó yọ́, tó lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ìtẹ́ ẹyẹ, ìdajì wọn wà ní ibi tó ga ju mítà 40 lọ. Bí ó bá ṣubú, yóò kó àjà tó kù lọ. Òun ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, àní ó le ju gbígbé ṣóńṣó tuntun dúró lọ.

a. Wọ́n gbé kíréènì tó ga tó mítà 80 dúró ní oṣù kejìlá 2019.

b. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, wọ́n fi ìgbànú irin ńlá dì í yíká ní ìpele mẹ́ta, kó má baà ṣí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èyí ni ìgbésẹ̀ tí ẹni tó ń kánjú máa fẹ́ fò.

d. Wọ́n kọ́ sìkáfóòdù tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ irin sọdá lókè rẹ̀.

e. Àwọn tó ń fi okùn ṣiṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí irin yẹn. Ọ̀kọpẹ a máa fi igbà gòkè. Àwọn wọ̀nyí, òkè ni wọ́n ti ń bọ̀ wálẹ̀, okùn nìkan ló mú wọn, ẹsẹ̀ wọn kì í tẹ irin tó jó. Ayùn oníná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni wọ́n fi ń gé e, wọn kò lo gáàsì nítorí iná àti nítorí èéfín òjé. Láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n á so èyí tí wọ́n fẹ́ gé mọ́ kíréènì kí wọ́n tó gé e.

Ewu tó wà níbẹ̀ rèé: ọ̀pá tó ti tẹ̀ ń gbé agbára sínú bí ọrun tí wọ́n fà. Bí ayùn bá já a tán, ó lè ta pa ẹni tó wà nítòsí, ìwúwo tó sì gbé tẹ́lẹ̀ á bọ́ sórí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ aṣọ́ fi ń wo gbogbo sìkáfóòdù náà bí wọ́n ti ń gé e, tó sì ń ké bí ó bá mira ju ìwọ̀n lọ.

Àrùn Kòrónà dá iṣẹ́ dúró ní oṣù kẹta 2020. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, èyí tó kẹ́yìn sì sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó lè ráàyè kó àwókù orí àjà, kí wọ́n sì fi igi gbé àjà òkúta ró láti ìsàlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2021 ni wọ́n tó kéde pé ilé náà kò ní wó mọ́.

Ìpele 5: Òkúta, àti fífọ inú ilé

Níbi tí àjà ti já, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n gbà: àwọn káfíńtà fi igi ṣe ìrísí ọrun, àwọn agbẹ́kúta to òkúta lé e lórí láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkúta orí tó sé e pa wọlé gbẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ igi kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹfun sísun ni wọ́n pò láti fi lẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣìmẹ́ǹtì dán irú èyí wò: ṣìmẹ́ǹtì le ju òkúta ẹfun lọ, omi kì í rí ọ̀nà gbà jáde lára rẹ̀, òkúta ló máa fọ́. Òkúta tuntun wá láti agbègbè Oise, tó bá ti àtijọ́ mu.

Inú ilé tó tó mítà oníbùú-lóròó 42,000 ni wọ́n fọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa eruku. Wọ́n wá fi rọ́bà olómi kun òkúta, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n bó o bí ẹni ń bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Eruku òjé àti èérí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Omi kò bójú mu níbẹ̀ nítorí pé yóò gbé òjé wọ inú òkúta lọ. Rọ́bà náà kò sì ṣeé lò lórí ògiri tó ní àwòrán ọ̀dà, yóò ṣí ọ̀dà pẹ̀lú rẹ̀. Fún ìyẹn, ọwọ́ àti aṣọ tútù kékeré ni. Wọ́n dán gbogbo ọ̀nà wò nínú yàrá àdúrà méjì kí wọ́n tó ṣe ìyókù.

Dùùrù ńlá kò jó, ṣùgbọ́n eruku òjé wọ inú fèrè rẹ̀ tó tó 8,000. Láti oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tú u. Nígbà tí wọ́n tò ó padà, òru ni wọ́n ń yí ohùn rẹ̀ sí ipò, nítorí pé wọn kò lè gbọ́ fèrè kékeré níbi tí òòlù ti ń dún.

Ìpele 6: Igi

Àwọn kan dábàá òrùlé gíláàsì, àwọn kan dábàá irin. Ní oṣù keje 2020 wọ́n fẹnu kò sí i pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kó padà wà. Igi óákù tó lé ní 2,000 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹgbẹ̀rún àkọ́kọ́, ti ṣóńṣó àti ti apá méjèèjì, ni wọ́n gé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, kí omi igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mẹ́jọ tó tóbi jù fún ẹsẹ̀ ṣóńṣó wá láti igbó Bercé. Wọ́n fi ayùn ilé iṣẹ́ la àwọn wọ̀nyí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní 1859.

Ti gbọ̀ngàn ńlá àti ibi akọrin yàtọ̀. Igi 1,200, àáké ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo wọn, ní tútù. Wọ́n rọ àáké 60 fún iṣẹ́ yìí ní Alsace. Ilé iṣẹ́ méjì ló pín in ṣe, ọ̀kan ní Normandy, ọ̀kan ní Anjou. Àwọn kan sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Ní 2020, àwọn káfíńtà tó yọ̀ǹda ara wọn ti fi ọwọ́ gbẹ́ férémù keje ti gbọ̀ngàn ńlá (férémù ni àwọn ìtì igi tí wọ́n so pọ̀ láti gbé òrùlé ró), wọ́n sì fi okùn àti agbára apá gbé e dúró níwájú kàtídírà. Àríyànjiyàn parí níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ:

1. Yan igi tó gùn, tó tọ́, tí kò sanra jù. Igi kan fún ìtì kan. Ọkàn igi gbọ́dọ̀ wà ní àárín.
2. Fa okùn aláwọ̀ sára rẹ̀, ta á, kó fi ìlà sílẹ̀.
3. Fi àáké bu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àlàfo-àlàfo títí dé ìlà, lẹ́yìn náà la ohun tó wà láàárín kúrò.
4. Fi àáké ẹnu-gbòòrò tẹ́ ojú rẹ̀.
5. Ya férémù sílẹ̀ ní ìwọ̀n gidi, to igi lé àwòrán náà lórí, fi okùn tí òjé wà ní ìdí rẹ̀ gbé àmì láti ilẹ̀ sára igi. Ìtì tí wọ́n fàáké gbẹ́ kì í tọ́ gbọnrangandan, nítorí náà a kì í fi rúlà wọ́n ọn.
6. Gbẹ́ ihò àti ahọ́n, fi ìṣó igi kàn án, kọ nọ́ńbà sí i, tú u, kó o lọ.

Ayùn kò mọ ibi tí iṣan igi gbà, yóò gé e kọjá. Àáké máa ń tẹ̀ lé e. Ìtì tó ní kókó tàbí tó lọ́ lábẹ́ àáké di ìtì kékeré. Igi tútù á sán nígbà tó bá ń gbẹ, èyí kò burú: ojú rẹ̀ ló sán, ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìsopọ̀ sì ń fún mọ́ra sí i.

Igi gbọ̀ngàn ńlá gùn ní mítà 32, ó fẹ̀ ní 14, ó ga ní 10. Ti ibi akọrin parí ní oṣù kìíní 2024, ti gbọ̀ngàn ní oṣù kẹta.

Ìpele 7: Ṣóńṣó

Sìkáfóòdù tuntun ga tó mítà 100, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 600, nítorí náà wọ́n ní láti gbẹ́ ilẹ̀ oríta wò ní 2022 kí wọ́n tó gbé e lé e. Wọ́n bá pósí òjé àti ère àtijọ́ tó ti fọ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Ẹ jẹ́ kí irú àkókò bẹ́ẹ̀ wà nínú ètò, nítorí kò sí ilé àtijọ́ tí kò ní ohun tó sin.

Ẹsẹ̀ ṣóńṣó, mítà 15 sí 13, tó ga ní 6, ni wọ́n kọ́kọ́ tò pọ̀ nílẹ̀ ní Val de Briey, kí ihò tí kò wọlé tó di wàhálà lókè. Ó gòkè ní oṣù kẹrin 2023. Ọ̀gágun Jean-Louis Georgelin tó ń darí gbogbo iṣẹ́ náà kú ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Philippe Jost gba ipò rẹ̀, iṣẹ́ kò dúró. Àgbélébùú dé orí ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, àkùkọ bàbà ní ọjọ́ 16. Àkùkọ àtijọ́ kò yọ́, wọ́n rí i nínú àwókù, ṣùgbọ́n ó ti rún ju ohun tó lè tún gòkè lọ. Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, tó tó 2,000, wà nínú ikùn àkùkọ tuntun.

Ìpele 8: Ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀

Tẹ́lẹ̀, iná lè rìn láti ìpẹ̀kun òrùlé kan dé èkejì láìrí ìdènà. Báyìí, ògiri tí kì í jẹ́ kí iná kọjá pín òrùlé apá méjèèjì kúrò lára gbọ̀ngàn àti ibi akọrin. Ẹ̀rọ ń fa atẹ́gùn àjà láti gbóòórùn èéfín, kámẹ́rà ń wo ooru. Páìpù tó ń fọ́n omi bí ìrì wà láàárín igi: omi bí ìrì ń pa ooru láìda omi púpọ̀ sórí àjà òkúta, èyí tí ìpele 1 ti fi ewu rẹ̀ hàn.

Owó

Owó tí àwọn ènìyàn dá: nǹkan bí mílíọ̀nù 846 yúrò, lọ́wọ́ ènìyàn bí 340,000 láti orílẹ̀-èdè bí 150. Kí ó má wó (ìpele 1 sí 4, àti gbígbé àjà ró): nǹkan bí mílíọ̀nù 150. Àtúnṣe fúnra rẹ̀: nǹkan bí 550. Ohun tó kù, bí mílíọ̀nù 140, wà fún ara òde ilé, pàápàá ẹ̀yìn ibi akọrin àti àwọn apá òkúta tó wà níbẹ̀, tí ojú ọjọ́ ti jẹ tipẹ́ kí iná tó sọ.